Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀ṣẹ́ ni ọmọ mi ń jà jẹun, láàárín àwọn tí ara wọn fúyẹ́, tí wọ́n máa ń wọ̀n kí wọ́n tó jà. Níjọ́sí, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo bu omi fún un. Ife kan péré! Nígbà tó gun ìwọ̀n, ó wúwo jù, wọ́n ní kò gbọdọ̀ jà.

Lónìí, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n ti òun mọ́ yàrá títí di ọ̀sán tí wọ́n máa wọn òun.

"Màmá, tí mo bá bẹ̀ yín, ẹ má ṣílẹ̀kùn o."

Èmi tí mo máa ń fi pàṣán lé e ní kékeré kó tó jẹun, èmi náà ni mo wá di wọ́dà!

Láti àárọ̀ ló ti ń gbálẹ̀kùn. "Màmá mi, omi díẹ̀." Mo kọtí ikún.

Ìgbà tó dákẹ́ ni mo sáré débẹ̀. Ìkánjú ò jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wọ ihò.