Alùpùpù Kan, Ọjọ́ Orí Méjì

"Bàbá, ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

Ìbéèrè tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè dáhùn ni, ṣùgbọ́n Mákánjúọlá kò lè dáhùn rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo fáànù orí tábìlì tó ń yí lọ yí bọ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ó wá wo ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n kọ Adéìfẹ́ sí káàdì àyà rẹ̀. Ìdáhùn méjì ló ní sí ìbéèrè náà, kò sì mọ èyí tí yóò mú owó kéré.

"Ẹ má bínú, àǹtí," ó ní, "ṣé òótọ́ ni pé bí èèyàn bá ṣe ń dàgbà sí i ni owó ìnṣúránsì alùpùpù rẹ̀ á máa wọ́n sí i?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni, ó wà ní London. Ó ní lọ́hùn-ún, bí àgbàlagbà bá ti pa alùpùpù tì fún ọdún púpọ̀, tó wá ní òun fẹ́ padà sórí rẹ̀, wọ́n á bu owó lé e títí tí yóò fi gbà láti máa fẹsẹ̀ rìn."

Adéìfẹ́ rẹ́rìn-ín. "Lọ́hùn-ún nìyẹn, bàbá. Ní Ìkìrun níbí, ìnṣúránsì kékeré kò bèèrè ọjọ́ orí. Iye tí ọmọ ogún ọdún ń san náà lẹ máa san. Kò tiẹ̀ tó owó àpò sìmẹ́ńtì kan."

"Háà. Kí ló wá dé tí ẹ fi ń bi mí?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ fẹ́ èyí tó máa bo gbogbo ẹ̀. Èyí kékeré, ẹni tí ẹ bá gbá ló wà fún. Tí ẹ bá ṣubú, tí alùpùpù yín fọ́, tí ẹsẹ̀ yín kán, kò kàn án. Èyí ńlá ló máa tún alùpùpù ṣe, iye tí alùpùpù bá tó la fi ń ṣírò ìyẹn. Òmíràn tún wà fún ara yín fúnra yín. Òun ló ń bèèrè ọjọ́ orí. Ẹni tó bá ti pé márùndínláàádọ́rin, ilé-iṣẹ́ wa kì í gbà á."

Mákánjúọlá tún wo ẹnu ọ̀nà. "Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí."

Ọjọ́ orí ìwé nìyẹn. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé oṣù tí wọ́n gba òmìnira gan-an ni òun bí i, ìgbà tí iṣu tuntun ti kún ọjà. Nígbà tó fẹ́ wọ ilé ìwé, tíṣà ní kó gbé ọwọ́ gba orí kọjá, kó fi kan etí kejì. Ọwọ́ rẹ̀ kò kàn án. Wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti dàgbà jù kó tó ka ìwé mẹ́fà tán. Ìgbà tó wá di pé ó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní kánsù, akọ̀wé kan ní kọ́ọ̀tù tó ti lọ gba ìwé ọjọ́ orí wò ó láti òkè délẹ̀, ó bá a yọ ọdún méje kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tí kì í ṣe é. Láti ìgbà náà ni ọdún méje yẹn ti ń tẹ̀ lé Mákánjúọlá kiri bí olè tí wọn kò tí ì mú.

"Ìgbà wo lẹ gun alùpùpù gbẹ̀yìn?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀ o."

"Ọdún mélòó?"

"Mọ́kànlá."

"Ṣé ẹ ti ní jàǹbá rí, tí ẹnikẹ́ni fara pa?"

Fáànù yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ òógùn bò ó. "Rárá," ó ní. Ó yá a lẹ́nu ju bó ṣe fẹ́ lọ.

Adéìfẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ tẹ ìwé jáde, ọmọbìnrin náà sì fi ìka han bàbá ibi tí yóò ti sáìn. "Ẹ kọ́kọ́ ka ìlà méjì yìí, bàbá. Ohun tó ń sọ ni pé òtítọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ. Tí wàhálà bá dé, tí a bá wá rí i pé irọ́ ni, ilé-iṣẹ́ lè ní àwọn ò san kọ́bọ̀."

Mákánjúọlá mú bírò. Ó fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé òpin, ó rọra dá bírò padà sórí tábìlì. "Ẹ jẹ́ kí n lọ mú owó wá ná."

Irọ́ tún nìyẹn. Owó náà wà lápò rẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ló ti ń parọ́ báyìí. Iṣẹ́ géètì ló ń ṣe ní ilé ìwé aládàáni kan lẹ́yìn tó kúrò ní kánsù, kí wọ́n tó pè é lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Wọ́n fún un ní owó díẹ̀ pé kó fi ra nǹkan. Alùpùpù àlòkù ló fi rà. Ọmọ́jọlá ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́. Ní àràárọ̀, obìnrin náà á di oúnjẹ sínú kúlà kékeré fún un, òun náà á wọ aṣọ géètì, á dágbére, á wá gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi yọ sí ilé búrẹ́dì Ìyá Olúwajùwọ́n, níbi tó gbé alùpùpù náà pamọ́ sí. Báwo ni yóò ṣe sọ fún un? Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, Ọmọ́jọlá dúró lójú ilé, ó ní, "Bàbá Tìmílẹ́yìn, ọjọ́ tí ẹ bá tún gun nǹkan yẹn, ẹ má padà wá sílé tí mo wà." Tìmílẹ́yìn ọmọ wọn wà níbẹ̀, ó sì gbọ́.

Ìyá Olúwajùwọ́n ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un: kó máa gbé búrẹ́dì láti Ìkìrun lọ sí Inísà àti Òkukù láràárọ̀. Àmọ́ obìnrin náà kì í fọ̀rọ̀ ṣeré. "Mọ́ńdè lẹ máa bẹ̀rẹ̀," ó ti wí. "Kò sí ìwé ìnṣúránsì, kò sí búrẹ́dì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wá mú mi nítorí ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì nìyí. Mákánjúọlá padà dé ilé búrẹ́dì láti ọ̀dọ̀ Adéìfẹ́, ó bá obìnrin náà tó ń to búrẹ́dì sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá.

"Ṣé wọ́n ti ṣe é?"

"Ó ku díẹ̀, mà."

"Ó dáa. Ẹ wọlé ká lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi yín han àwọn oníbàárà mi, kí wọ́n má bàa ní ajínigbé ló wá."

Kò mọ bó ṣe lè kọ̀. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ Inísà, ó ń ka òpó iná ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń ṣì í kà, ó ń tún un kà. Ìkóríta kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ fojú kàn láti ọdún mọ́kànlá. Tó bá ń lọ sí Òkukù, inú ọkọ̀ ni yóò ti dijú. Ó gbàdúrà pé kí kẹ̀kẹ́ má dúró níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló dúró.

Ọmọbìnrin kan jáde láti inú ìsọ̀ kékeré kan, ó ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún bí ẹni tó ń fà á tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, èyí tí ẹsẹ̀ náà gbà. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ káàárọ̀, sà."

Mákánjúọlá wo ẹsẹ̀ náà.

Ìyá ọmọ náà jáde tẹ̀ lé e, ó ń fi ìdí ìró nu ọwọ́. Bọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀. Ó ti sanra díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó wo bàbá tó sọ̀ kalẹ̀ látinú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì mẹ́rin láyà.

"Ìyá Olúwajùwọ́n, ta rèé?"

"Àwọn ló máa máa gbé búrẹ́dì wá láti Mọ́ńdè. Wọ́n ní alùpùpù tiwọn."

"Alùpùpù." Bọ́sẹ̀dé sọ ọ́ bí ẹni tó tọ́ nǹkan kíkorò wò. "Blessing, o mọ bàbá yìí?"

"Rárá, mà."

"Àwọn ló fún ẹ ní ìrìn tí ò ń rìn yẹn."

Ọmọbìnrin náà wo Mákánjúọlá, kò bínú, ó kàn ń wò ó bí ẹni tí wọ́n fi àwòrán ìgbà èwe rẹ̀ hàn tí kò dá ara rẹ̀ mọ̀. Ó gba búrẹ́dì láyà rẹ̀, ó sì wọlé lọ.

"Ẹ dárí jì mí," Mákánjúọlá ní.

"Mi ò sọ pé ẹ sá o. Ẹ kò sá. Ẹ̀yin lẹ gbé e dé ọsibítù, ẹ ta máṣìnnì, ẹ kó owó rẹ̀ wá, gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tó! Dókítà ní irin làwọn máa fi sí i, kò sí owó irin. La bá gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Ọlọ́pàá ní kí ẹ mú ìwé ìnṣúránsì wá, ká mọ ibi tí a ti máa rí owó gbà, ẹ dúró ẹ ń wo ilẹ̀. Ta ni kí n bá ṣẹjọ́? Ẹ̀yin náà ń sunkún ju èmi lọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé ẹ ti ní ìwé báyìí?"

"Mò ń ṣe é lọ́wọ́."

"Ẹ ṣe é dáadáa. Ọmọ pọ̀ ní Inísà yìí."

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ padà. Wọ́n dé Òkukù, wọ́n já búrẹ́dì sí ìsọ̀ mẹ́ta, wọ́n sì ṣẹ́rí padà. Mákánjúọlá ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo Ìyá Olúwajùwọ́n.

"Ẹ kò sọ fún mi pé ẹ gbá èèyàn rí," obìnrin náà ní níkẹyìn.

"Ẹ kò bi mí, mà."

"Ẹni tó ń ṣe ìwé ńkọ́, ṣé ó bi yín?"

"Ó bi mí."

"Kí lẹ sọ?"

Dẹ́rẹ́bà kẹ̀kẹ́ dín eré kù kó lè gbọ́ dáadáa. "Mo ní rárá."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, máa wo iwájú rẹ." Ó yíjú sí Mákánjúọlá. "Kí lẹ wá ń ra? Bébà? Tó bá jẹ́ bébà la fẹ́, mo ní i púpọ̀ tí mo fi ń wé búrẹ́dì. Tí ẹ bá gbá ọmọ ẹlòmíràn, tí wọ́n rí rárá yẹn, ibi tí ẹ dúró sí níjọ́sí náà lẹ tún máa dúró sí, ẹ ó tún máa wo ilẹ̀."

"Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní gbà mí ni. Mo ti dàgbà jù, mà."

"Ẹ̀rù yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn lára yín. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun ún kò ní i, ló ṣe jẹ́ ẹ̀yin ni mo pè. Àmọ́ ẹ má fi parọ́." Ó tún ìborùn rẹ̀ so. "Ẹ lọ tún un sọ. Tí wọ́n bá gbà yín, a ó ríra ní Mọ́ńdè. Tí wọn ò bá gbà yín, ẹ lọ jókòó ti ìyàwó yín, kí n lè wá ẹlòmíràn."

Wọ́n já a sílẹ̀ níwájú ọ́fíìsì. Ó rìn kọjá lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé. Adéìfẹ́ ń jẹ ẹ̀pà.

"Bàbá, ẹ ti mú owó dé?"

"Owó wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ni mo wá tún sọ." Ó dì mọ́ etí tábìlì. "Oṣù Ọ̀wàrà tó ń bọ̀ yìí ni màá pé márùndínláàádọ́rin. Mo sì ti gbá èèyàn rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní Inísà."

Adéìfẹ́ ti ẹ̀pà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo kọ̀ǹpútà. "Ọdún méje lẹ fi dàgbà láti àárọ̀, bàbá." Nígbà tó rí i pé kò rẹ́rìn-ín, òun náà pa ẹ̀rín mọ́. "Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló wà lórí káàdì ìdánimọ̀ yín."

"Irọ́ ló ń pa. Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ẹ máa ní láti lọ búra ní kọ́ọ̀tù kí wọ́n tún un ṣe. Kó tó parí, ẹ á ti pé iye tí wọn kì í gbà, torí náà ti ara yín kò lè ṣeé ṣe mọ́. Èyí ńlá, màá kọ ọ̀rọ̀ jàǹbá yẹn sí i, màá fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wa ní Òṣogbo. Wọ́n lè bu owó lé e. Wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Mi ò fẹ́ tàn yín."

"Èyí tó wà fún ẹni tí mo bá gbá ńkọ́?"

"Ìyẹn? Òní náà ló máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá fara pa, wọ́n á dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀yin bá ṣubú, bàbá, ẹ dá wà o."

Mákánjúọlá ronú kan alùpùpù tó wà lágbàlá ilé búrẹ́dì. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti fi ń gun ún yípo ibẹ̀, kò tí ì lè gbé e jáde sí títì. Ó ronú kan eegun ara rẹ̀, bó ti gbẹ tó.

"Ẹ kọ́kọ́ ṣe ti ọmọ ọlọ́mọ," ó ní. "Kí ẹ fi èyí ńlá ránṣẹ́ bó ṣe rí gan-an. Ohun tí wọ́n bá sọ ni màá gbà."

Ó ka owó sílẹ̀, èyí tó kù kò pọ̀. Adéìfẹ́ ń tẹ̀, ó ń bèèrè: nọ́ńbà alùpùpù, àwọ̀ rẹ̀, àdírẹ́sì ilé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni bàbá ń dá a lóhùn, kò wo ẹnu ọ̀nà mọ́. Nígbà tó yá, ọwọ́ ọmọbìnrin náà dúró.

"Tí nǹkan bá ṣe yín lójú ọ̀nà, nọ́ńbà ta ni ká pè?"

"Ìyàwó mi."

Ó ka nọ́ńbà náà jáde láì wo fóònù. Adéìfẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì nawọ́ ìwé sí i. Mákánjúọlá kò tí ì gbà á.

"Ẹ dákun, ẹ ṣe sùúrù," ó ní. "Kò yẹ kó jẹ́ pé ẹnu yín ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Ó yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí Ọmọ́jọlá fi gbé e, tí ẹ̀rọ tó fi ń bá àwọn èèyàn lọ ata ń kígbe lẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá Tìmílẹ́yìn? Ṣé kò sí wàhálà o? Ṣé kì í ṣe pé ẹ gbàgbé kúlà yín?"

"Mi ò gbàgbé kúlà, Ìyá Tìmílẹ́yìn. Kúrò nídìí ẹ̀rọ ata yẹn, kí o wá ibì kan jókòó. Mi ò sí ní géètì."