Ààwẹ̀ Àwọn Adìẹ Funfun

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Kí wọ́n má bínú sí mi, wọn kò sin adìẹ òyìnbó ní Parakou rí. Adìẹ kì í làágùn rárá. Ṣe ni yóò yanu, tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, bí ooru bá sì borí rẹ̀, yóò ṣubú.

Ọdún tó tẹ̀lé òmìnira ni mo gba àwọn tèmi ní gáà, ibùdó ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí ọkọ̀ náà kó wọn dé láti Kútọnu. Kàsìmáwò, ọkọ mi, kò fẹ́ ẹ. Ìdí aṣọ ìyá rẹ̀ ní ọjà Arzèkè ló fẹ́ kí n wà, níbi tí mo ti pe oníbàárà títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Ó ní, "Bí àwọn adìẹ yìí bá yè dé ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀, máa sìn wọ́n lọ. Bí wọn ò bá yè, Arzèkè ni."

Mo ní mo gbọ́. Nínú ọkàn mi, mo ti pinnu pé n kò padà síbẹ̀ mọ́.

Inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni ààwẹ̀ bọ́ sí. Dókítà ẹran ti sọ fún mi pé oúnjẹ máa ń dá ooru sínú adìẹ: kí n bọ́ wọn kí oòrùn tó yọ, kí n palẹ̀ oúnjẹ mọ́ bí oòrùn bá ti ń mú, kí n tún bọ́ wọn nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Omi nìkan ni tọ̀sán. Nítorí náà, bí mo bá jí dáná sààrì, àwọn adìẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ bọ́, àgbàdo lílọ̀ tí mo pò mọ́ kúlíkúlí àti ẹja gbígbẹ. Mo fi koríko bo páànù ilé wọn. Mo ń pààrọ̀ omi inú àwo amọ̀ wọn ṣáá.

Síbẹ̀ wọ́n ń kú. Bí mo bá ti ibi ẹ̀rọ àgbàdo dé lọ́sàn-án, n óò bá òkú nílẹ̀. Kàsìmáwò kàn ń wò mí. Ìwò yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Lọ́jọ́ kan, inú bí mi, mo mú ọ̀bẹ, mo fi la àpò tí ọ̀kan nínú àwọn òkú adìẹ náà kó oúnjẹ sí lọ́rùn. Ọkà bàbà pupa ló kún un. Èmi kò fún wọn ní ọkà bàbà rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní in ní agboolé wa ní àdúgbò Albarika: Ìyá Àràmọ́tù, ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń fi í ṣe ògì ìṣínu. Nínú ààwẹ̀, wọ́n máa ń ti ọjà wálé sinmi lọ́sàn-án.

Mo fẹ́ pariwo. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyàwó wo ló gba "ẹ̀yin lẹ pa adìẹ mi"? Mo gbé òkú adìẹ náà lọ, mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ ẹ síwájú wọn pẹ̀lú ọkà náà.

"Ìyá, ooru inú oúnjẹ ọ̀sán ló ń pa wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó tì wọ́n, kẹ́nikẹ́ni má bọ́ wọn."

Wọ́n wo ọkà náà, wọ́n mọ̀ ọ́n.

"Ìyàwó, Ọlọ́run ò pàṣẹ ààwẹ̀ fún ẹran. Wọ́n ń ké, àánú wọn ṣe mí. Ṣé èmi ni mo pa wọ́n?"

"Àánú ni, Ìyá."

Láti ọjọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà ilé adìẹ ni Ìyá ń sinmi sí lọ́sàn-án, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ kan, ọ̀pá lọ́wọ́ kejì. Nígbà tí Kàsìmáwò yọjú, wọ́n ní kó fi ọwọ́ rẹ̀ hàn wọ́n kó tó wọlé. Ikú dáwọ́ dúró.

Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, àwọn tó fẹ́ ra adìẹ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà wa kí a tó ti yídì dé. Kàsìmáwò fúnra rẹ̀ ló ń di ẹsẹ̀ adìẹ fún wọn. Kò dárúkọ Arzèkè. Ó kàn bi mí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin yóò kó òmíràn dé. Inú mi dùn débi pé mo sùn fọnfọn lóru ọjọ́ náà.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ọ̀pá kan ilẹ̀kùn mi.

"Fàsílátù, dìde. Àwọn kéékèèké tó ṣẹ́ kù ò tíì jẹ sààrì."

"Ìyá, ààwẹ̀ ti parí."

"Tiwa ló parí," ni wọ́n wí. "Òjò ò tíì rọ̀."