Àrólé Oníwáyà àti Bàtà Funfun Rẹ̀

Ẹ ti mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ọ́: ẹni tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù níbi ìrántí òkú, òun kọ́ ló sún mọ́ òkú jù nígbà tí òkú ń mí. Ẹ mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, nígbà tí Àrólé dìde tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú lórí ọ̀rọ̀ Baba Oníwáyà, gbogbo wa la bá a bínú, nítorí ìbínú náà dùn-ún gbọ́, èyí tó sì burú jù níbẹ̀ ni pé òótọ́ ni.

Baba Oníwáyà ni a ń wí, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ títí ó fi di olóògbé. Nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì gbọ́ ọ rí pé ẹsẹ̀ lè bá ọwọ́ ta gìtá, Baba ti yọ ilẹ̀kùn yàrá kan, ó tẹ́ ẹ gbalaja bíi tábìlì, ó fa okùn irin sójú rẹ̀, ó sì gbé e lé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì onírin kan tó ti kán. Ó mú wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́, ó so orí rẹ̀ kan mọ́ okùn gìtá, ó so ìkejì mọ́ pẹ́dàlì kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀, ó sì fi sípíríǹgì àga àtijọ́ sí i. Bó ṣe ṣe é fún okùn kan ló ṣe é fún òmíràn. Á wá jókòó tì í bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ. Ọwọ́ òsì á máa fi irin róbótó kan yọ̀ lórí okùn, ọwọ́ ọ̀tún á máa ta á, ẹsẹ̀ náà á sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀, bí ẹni pé kò bá wọn mọ̀ sí i. Ohùn tó ń tibẹ̀ jáde dà bíi ti ẹni tó ń sunkún tí ẹ̀rín sì tún ń pa á.

Ìyàwó Baba, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ní ilẹ̀kùn yàrá òun ni ọkọ òun yọ, aṣọ ni òun sì fi bo ojú ọ̀nà fún ọdún gbọọrọ.

"Orin náà dùn," ni Ìyá máa ń wí, "àmọ́ orin kì í dí afẹ́fẹ́."

Àwọn tó ń ṣe àwo orin wá nígbà kan, wọ́n gba ohùn gìtá náà sílẹ̀. Wọ́n tẹ orúkọ ẹni tó kọrin sára àwo, wọ́n tẹ orúkọ ẹni tó ra ẹ̀rọ, wọn ò tẹ ti Baba. Nígbà tó wá di ẹnu àìpẹ́ yìí, tí Baba ti lọ, rédíò ṣe ètò kan lórí gìtá ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀mọ̀wé kan tí ohùn rẹ̀ ń yọ̀ bí ẹni tó fi òróró fọ ọ̀fun sọ pé kò sẹ́ni tó ta irú rẹ̀ rí láàárín wa kí ti ilé ìtajà tó ti òkè òkun dé.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé Àrólé dìde.

Kò sẹ́ni tó fi Àrólé joyè o. Olórí ẹgbẹ́ olórin kan ni, òun ló sì sọ ara rẹ̀ ní Àrólé Oníwáyà lẹ́yìn ikú Baba. Ó kọ ọ́ sára ọkọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sára àpótí ohun èlò wọn, àwọn kan tilẹ̀ ní ó wà lára aṣọ ìnura rẹ̀. Gìtá ẹlẹ́sẹ̀ ti ilé ìtajà ló ń ta, ó sì mọ̀ ọ́n ta. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, èyí tó wà nílẹ̀ ti tó. Jígí dúdú kì í kúrò lójú rẹ̀, yálà nínú oòrùn tàbí nínú yàrá, débi pé ó ti kí àga kan rí pé, "Ẹ kú ìjókòó, bàbá."

"Ìwà ìkà ni!" ni Àrólé ń pariwo láti òpópónà kan dé ìkejì. "Ẹni tó fi wáyà bíréèkì ṣe ohun tí àwọn ẹlẹ́rọ kò tíì lá lálàá rẹ̀, òun ni ẹ ní kò sí? Ẹ̀yin ará àdúgbò yìí ńkọ́, ojú ò tì yín? Ṣé kẹ̀kẹ́ yín nìkan lẹ rántí pé ó tún ṣe?"

Ojú tì wá. Òótọ́ ni, kẹ̀kẹ́ nìkan la rántí, àwọn mìíràn nínú wa tilẹ̀ ti gbàgbé kẹ̀kẹ́ náà. Ohun tó sì ń bí mi nínú títí di bí mo ti ń kọ ọ́ yìí nìyẹn: òótọ́ kan wà nílẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀, a pa ẹnu mọ́ lórí rẹ̀, títí ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i fi gbé e, tó sì fi ṣe ẹ̀wù.

A dá ìgbìmọ̀ ìrántí sílẹ̀. Kó tó di pé a jókòó, pósítà ti wà lára gbogbo ògiri. Ojú Àrólé gba òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú jígí dúdú. Baba wà ní kọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀, ó kéré bí òǹtẹ̀ lára lẹ́tà.

Inú pálọ̀ Ìyá la ti ṣe ìpàdé. Gìtá náà wà ní igun yàrá, aṣọ olódòdó bò ó. Alága wa jẹ́ oníṣègùn eyín. Kì í yára ní kí ẹnikẹ́ni pa ẹnu dé. Ọmọ Baba kan ṣoṣo náà wà níbẹ̀, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀.

"Lẹ́yìn ayẹyẹ," ni Alága wí, "ta ni yóò máa tọ́jú gìtá yìí?"

"Ọkọ mi ti sọ ọ́ kó tó kú," ni Ìyá dáhùn. "Ó ní, 'Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lórí rẹ̀ ni kó gbé e. Má gbé e fún ẹni tó kàn ń sọ pé òun fẹ́ràn mi.'"

Àrólé fò dìde. "Ọ̀rọ̀ ti bùṣe! Èmi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá ọkọ̀."

"Ẹ fara balẹ̀ ná," ni Ìyá wí. "Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, mo ti ń jáde kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí. Àwọn tó ń jókòó ti ọkọ mi pọ̀. Bí ẹ bá ní ẹ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, mi ò lè ní ẹ ò kọ́ ọ."

"Ẹ ò lè ní mi ò kọ́ ọ!" Àrólé gbá àyà rẹ̀. "Ìyá mi, ìyàwó ọ̀gá mi, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí legungun. Ẹ̀rí lẹ ń wá lọ́wọ́ mi? Èmi tí mo jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn títí ìdí mi fi le bíi pátákó? Èmi tí ọ̀gá mi máa ń gbá létí bí mo bá ṣì í ta? Etí náà rèé, ẹ wò ó!"

A wo etí náà. Etí ni lóòótọ́.

Ọmọ Baba gbé orí sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, kí ni bàbá mi máa ń sọ jù fún yín nígbà tí ẹ ń kọ́ ọ?"

Ohùn Àrólé rọ̀, bí ẹni tí omijé fẹ́ gbà lẹ́nu. "'Tẹ̀ ẹ́!' Ohun tí ọ̀gá mi máa ń wí nìyẹn. 'Tẹ pẹ́dàlì yẹn dáadáa, ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́ kí ohùn lè gòkè! Gìtá ò yàtọ̀ sí èèyàn: bí o ò bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò ní ké.'"

Gbogbo wa mí kanlẹ̀. Alága yọ aṣọ ìnujú. Ọmọ Baba wo ìyá rẹ̀. Ìyá ń wo etí ìró ara rẹ̀, bí ẹni tó rí òwú tó yọ níbẹ̀.

"Ó ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́?" ni ọmọ náà tún bi í.

"Kí lèèyàn tún ń fi pẹ́dàlì ṣe, àǹtí olùkọ́? Ṣé kí n fi họ imú ni?"

Pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Baba náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín tirẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ẹ fi gìtá yìí ta orin àkàbà fún wa lọ́jọ́ ìrántí. Bí ẹ bá ti ta á tán, ẹ máa gbé e lọ."

Orin àkàbà ni orin Baba tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìparí rẹ̀ a máa gòkè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gun àkàbà lọ sí òrùlé.

"Ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ dán an wò?" ni Ìyá bi í. "Òun náà rèé níbẹ̀ yẹn."

Àrólé rẹ́rìn-ín àánú. "Ìyá mi, ta ló ń dán ilé bàbá rẹ̀ wò kó tó wọ̀ ọ́?"

Ọ̀sán ọjọ́ ìrántí, gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan jókòó sójú fèrèsé. Àrólé wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun àti bàtà funfun tuntun tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Ó ti rò ó dáadáa: ẹsẹ̀ ni gbogbo ojú yóò máa wò. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà, àmọ́ èyí mọ ara rẹ̀ lẹ́wà.

Ó kọ́kọ́ bínú fún wa. Ó bínú sí rédíò, ó bínú sí àwọn aláwo orin, ó bínú sí ọ̀mọ̀wé ọlọ́fun òróró, ó sì bínú sí àwa náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtẹ́wọ́ ń dún. Ìbínú náà wọ̀ mí lára débi pé mo gbàgbé ẹni tó ń bínú. Lẹ́yìn náà ló ṣí aṣọ olódòdó náà. Ihò kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lára pákó. Mo rí Ìyá tó ń wò ó, bí èèyàn ṣe ń wo ojúlùmọ̀ tó ti pẹ́ tó ti rìnrìn àjò.

Àrólé jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ orin àkàbà. Ọwọ́ dára. Ó dé ibi tí ohùn ti yẹ kó gòkè, ó gbé bàtà funfun, ó sì tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń tẹ ti ilé ìtajà láti ọjọ́ tó ti dáyé iṣẹ́ orin, èyí tó jẹ́ pé bí o bá ti tẹ̀ ẹ́ ni ohùn yóò gun òkè.

Ohùn já wálẹ̀.

Ó tún un tẹ̀, kíkankíkan. Ó tún wálẹ̀ sí i. Ó kó ẹsẹ̀ méjèèjì lé e, gìtá náà sì ké bí ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há nírù. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó yára sọ ọ́ di ikọ́.

"Wọ́n ti bà á jẹ́!" Àrólé dìde fùú, jígí dúdú wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ta ló fọwọ́ kan wáyà ọ̀gá mi? Ọ̀tá ni! Wọn ò jẹ́ kó gbádùn nígbà ayé rẹ̀, wọn ò tún jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sinmi!" Ó nàka sí ọmọ Baba. "Ìwọ ni! Ìwọ tó ń bi mí ní ìbéèrè bí lọ́yà! O ti so ó sódì, kí n lè tẹ́!"

Ẹ wá wo ìwà wa. A tún bá a bínú. Ó ti mọ́ wa lára. "Kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀?" ni wọ́n ń wí nínú èrò. "Ìlara ni!" Obìnrin kan tilẹ̀ pòṣé sí ọmọ náà ní etí ìyá rẹ̀.

Ọmọ Baba rìn lọ sídìí gìtá náà. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó, ó sì kọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lásán lé àwọn pẹ́dàlì, ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kó tó fọwọ́ kan okùn rárá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ orin. Nígbà tó dé ibi àkàbà, ó rọra gbé ẹsẹ̀ sókè. Ohùn náà gun òkè. Ó gbé èkejì, ohùn tún gòkè sí i, títí ó fi dé òrùlé.



"Wọ́n ti tún un so ni!" ni Àrólé ṣì ń wí, ṣùgbọ́n ó ti ń wá ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. "Ẹ bi ìyá rẹ̀! Ẹ bi í!"

Alága yíjú sí Ìyá. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan tún un so?"

"Eruku nìkan ni mo ń nù lára rẹ̀," ni Ìyá dáhùn. "Sípíríǹgì àga ìdáná mi ló ń fa okùn yẹn, pẹ́dàlì kàn ń dẹ̀ ẹ́ ni. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti ṣe é, bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ a wálẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò ló ń gòkè."