Aṣọ Tí Wọn Ò Gbé Kọ́ Ọ Lọ́rùn

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó jẹ́ ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ nọ́ọ̀sì, ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi.

Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-bí-Abẹ ni ọ̀gá wọn. Ẹni tó bá ránṣọ tí kò dára, Ẹnu-bí-Abẹ á gbé aṣọ náà kọ́ ọ lọ́rùn, onítọ̀hún á sì máa gbé e kiri títí iṣẹ́ á fi parí. Kò ní sọ ibi tó ti ṣì í ṣe. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé tirẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń jẹun, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, omijé rẹ̀ sì ń kán sínú àwo.

Ó ní, "Mo gbé oúnjẹ yẹn mì, àmọ́ kò dà nínú mi."

Nígbà tó yá, Ẹnu-bí-Abẹ lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà forí ṣánpọ́n, ló bá padà wá tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ti di ọ̀gá níbẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn èèyàn ní kó má gbà á. Ó ní ọdẹ kì í lé ẹran tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé.

Kò pẹ́, Ẹnu-bí-Abẹ, tó ti di màmá àgbà, rán apá òsì aṣọ kan mọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́.

Aránṣọ kan ní, "Ọ̀gá, ọrùn ti wà nílẹ̀ o."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú màmá náà wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn.

"Ẹ jókòó, mà. Ojú rírán yín gún. Apá yìí nìkan ló yí. Ibi tí a gé jìn yìí, iwájú ló yẹ kó wà. Ẹ tú u, mo dúró tì yín."

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbàkígbà tí màmá náà bá ṣàṣìṣe, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́. Màmá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

Lọ́jọ́ kan tó tún ṣàṣìṣe, ó na ọrùn síwájú. "Ọmọ yìí, gbé e kọ́ mi lọ́rùn, ká parí ẹ̀."

"Rárá, mà. Bí wọ́n ṣe ń sọ àṣìṣe féèyàn nìyí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò le."

"Ìkà ni ẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́, mà. Ó ku apá kejì."

Màmá náà ká aṣọ náà sórí tábìlì, ó mú báàgì rẹ̀, ó gba àárín àwọn ẹ̀rọ kọjá. Ìgbà yẹn loúnjẹ àtijọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà nínú ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó ń wò ó títí tó fi jáde. Màmá náà ò bojú wẹ̀yìn.