Ohun Tó Wà Nínú Ikùn Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀

Ẹni tí kò bá tíì la ikùn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ti kú láti ọjọ́ mẹ́ta rí, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun mọ òórùn. Òórùn ọ̀hún kì í ṣe ti imú nìkan. Á wọ irun, á wọ abẹ́ èékánná, á bá èèyàn délé, á sì bá a jókòó ti oúnjẹ. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọ̀bẹ níbi iṣẹ́ ti ń bá a yí láti ọdún méjì. Ọkọ rẹ̀ ti ń kọjú sí ògiri sùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò ju ọdún mẹ́fà lọ, bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé òkú ni wọ́n ń sin níbi iṣẹ́ wọn ni. Ó ní rárá o, ẹyẹ ni àwọn ń tọ́jú.

Àparò ni ẹyẹ náà. Wọ́n pọ̀ tẹ́lẹ̀ ní pápá tó wà lẹ́yìn ìlú, ṣùgbọ́n wọ́n ń dín kù lọ́dọọdún, títí tó fi ku mẹ́tàdínláàádọ́ta péré. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn, ọkùnrin kan tó máa ń fọwọ́ nígbàkigbà tó bá bọ Ìyá Ọ̀bẹ lọ́wọ́, ti gbà pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló ń jẹ wọ́n tán. Kò sí ìpàdé tí kì í ti í sọ pé ká kọ́kọ́ lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ó gba ọkùnrin márùn-ún síṣẹ́ láti máa dẹ tàkúté. Èyí tí wọ́n bá pa, wọ́n á gbé e sínú àpò fún Ìyá Ọ̀bẹ, òun á la ikùn rẹ̀, á sì kọ ohun tó bá níbẹ̀ sílẹ̀.

Ká sòótọ́, lọ́dún àkọ́kọ́, ó jọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ọmọ àparò tó yè lọ́dún náà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Inú Ìyá Ọ̀bẹ dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ ló mú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá síbi iṣẹ́ tàkúté, nítorí ọkùnrin náà ti wà nílé láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ti kógbá sílé, tòun tìyàwó àti ọmọ méjì.

Lọ́dún kejì ni nǹkan yí bírí. Bí wọ́n ṣe ń pa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni àparò ń dín kù. Bí àparò sì ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ló ń pọ̀ sí i nínú ikùn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ọ̀gá ní ṣé wọ́n rí nǹkan tóun wí. Ó fẹ́ kó tàkúté kọjá sódì kejì odò tó gba pápá náà kọjá, níbi tí àwọn àparò tó kù ń yé sí. Ìwé àbọ̀ Ìyá Ọ̀bẹ nìkan ni ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ náà ń dúró dè, wọ́n sì máa jókòó lé e lọ́jọ́ Ẹtì.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó tú àpò tó kẹ́yìn. Omi dúdú kan ṣàn sórí tábìlì, ìdin ń rìn nínú rẹ̀. Ó bá itan àparò méjì nínú ikùn ẹran náà, ó sì bá wáyà lára ọ̀kan. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí irú wáyà bẹ́ẹ̀. Ó ti máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé ara tàkúté ni ẹran ti gé e jẹ. Lọ́jọ́ náà, kò mọ ohun tó ṣe é, ó gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fọ̀ ọ́. Ìlọ́po mẹ́ta ni wọ́n fi wáyà yí itan náà ká, wọ́n lọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú kó má baà gún èèyàn lọ́wọ́. Egungun itan náà gé geere. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ máa ń fa ẹran ya ni. Kì í lo ọ̀bẹ.

Ó kó gbogbo egungun tó ti tọ́jú sínú ìgò láti oṣù mẹ́fà jáde, ó ń yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Nínú mẹ́rìnlá, mọ́kànlá ló jẹ́ pé ọ̀bẹ ló gé e.

Ó bá àbúrò rẹ̀ ní àgọ́ onípáànù tí wọ́n ń kó tàkúté sí, níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì. Garawa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àparò mẹ́ta tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣì ń mí. Ọkùnrin náà dìde kí i, kò tilẹ̀ sún garawa sẹ́yìn. Èyí gan-an ló rí Ìyá Ọ̀bẹ lára jù. Ó bi í pé kí nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ ní ìdẹ ni. Ó ní orí ẹja tí wọ́n ń fún àwọn kì í mú nǹkan kan, èèrà ni í jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì ti lé ẹnìkan dànù torí pé kò rí ẹran pa. Làwọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹyin àparò dẹ ẹ́, nígbà tó yá, àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í lo àparò fúnra rẹ̀.

"Ẹyẹ tí wọ́n ní ká tọ́jú lẹ̀ ń gé fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́." Ó nawọ́ sí ara páànù.

Ojú ìwé kan nínú àbọ̀ ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́bẹ̀, ìbuwọ́lùwé Ìyá Ọ̀bẹ wà nísàlẹ̀. Ó kà á níbẹ̀ pé nínú gbogbo ohun tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń jẹ, kò sí èyí tó fẹ́ràn tó àparò. Ọgbọ̀n kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló là lọ́dún náà. Mẹ́rin péré ló jẹ ẹyẹ. Eku, kòkòrò àti ìdọ̀tí ààtàn ló wà nínú ikùn àwọn yòókù. Ó mọ ohun tí Ọ̀gá fẹ́ gbọ́, ló bá fi mẹ́rin síwájú, ó wá ti mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó kẹ́yìn.

Ó bi àbúrò rẹ̀ pé mélòó ni wọ́n ti lò. Ọkùnrin náà ń fọwọ́ kà á, ó sú u, ó ní tòun nìkan lé ní ogún. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má kọ ọ́, pé ìyàwó òun tún ti lóyún.

Ìyá Ọ̀bẹ padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ti ọ̀bẹ àti wáyà kò ṣòro kọ. Orúkọ àbúrò rẹ̀ dùn ún, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Ìgbà tó kan tirẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó rí ara rẹ̀ bí ohun ìríra, ju gbogbo ohun tó ti tú jáde nínú àpò lọ. Ó tó wákàtí kan kó tó lè kọ ọ́ pé ọgbọ̀n ni òun là, mẹ́rin ló jẹ ẹyẹ, òun sì mọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ọ̀gá dúró kà á lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé. Inú kò tilẹ̀ bí i.

"Ṣé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ ẹyẹ yìí àbí kò jẹ ẹ́?"

"Ó jẹ ẹ́, sà."

"Ìyẹn náà ni kó o kọ. Yọ ojú ìwé méjì yìí kúrò."

Ìyá Ọ̀bẹ nawọ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé lọ bá ìgbìmọ̀, ó sì ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí. Ibi tó ti jẹ́wọ́ irọ́ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ kà. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n kó gbogbo tàkúté nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí gbogbo àwọn tó ń dẹ ẹ́ sì máa lọ sílé.

Kò tíì délé nígbà tí ìyá wọn pè é lórí fóònù. Wọ́n ti sọ fún un.

"O lé àbúrò rẹ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ẹyẹ?"

"Rárá, Màámi. Nítorí irọ́ tí èmi pa ni."

Ìyá wọn bi í pé irọ́ wo, Ìyá Ọ̀bẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún un.