Iná Pupa ní Oríta Kamizawa

Irun inú imú Tamotsu ti dì. Gbogbo ìgbà tó bá fa èémí, á gbọ́ ọ tó ń ró kírikíri bíi koríko gbígbẹ. Yìnyín ń gbá a lójú láti iwájú, afẹ́fẹ́ ń tì í láti ẹ̀gbẹ́, ikùn tó fi ogún ọdún kó jọ sì ń fà á sẹ́yìn. Wọ́n ní àgbàlagbà kì í ṣàdédé sáré nínú ẹ̀gún: bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Ejò tó ń lé Tamotsu lónìí, Heikichi ẹlẹ́ja ni, ará àdúgbò ìsàlẹ̀, tó ń mí hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ajá tó jẹ ata.

"Tamotsu," Heikichi pè é. "Ṣé o ṣì wà láyé?"

"N ò sí láyé mọ́. Fi mí sílẹ̀."

Ọ̀já aláwọ̀ ewé kan wà lára Tamotsu, ó gba èjìká kan lọ sí ìbàdí kejì. Ọ̀já yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀. Èèyàn márùn-ún ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló máa ń sá eré yìí ní Jánúárì. Ẹni tó bá sá tirẹ̀ tán á bọ́ ọ̀já fún ẹni tó kàn. Ìyá ìyàwó Tamotsu ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán ti Kamizawa, àdúgbò wọn, ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, kò sì tíì já rí. Kí ọ̀já já kò kan òwú o. Bí àdúgbò tó ṣáájú bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀, aago á bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Iṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Bó bá pé, wọ́n á yìnbọn, ẹni tí kò bá tíì rí ọ̀já àdúgbò rẹ̀ gbà á gba ọ̀já funfun, á sì máa lọ. Ní Kamizawa, aṣọ òkú ni wọ́n ka ọ̀já funfun yẹn sí.

Ẹni tó ń dúró de Tamotsu níwájú lọ́hùn-ún ni Chinatsu, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó máa ń sáré bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀. Láàárọ̀ yìí, nídìí ọbẹ̀ miso, ó ti kìlọ̀ fún bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí Daigo bá yín sá a. Daigo yára."

"Daigo ò mọ ọ̀nà yẹn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n."

"Ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ, Bàbá. Màlúù mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n ju màlúù lọ."

Chinatsu gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Tí wọ́n bá fún mi ní ọ̀já funfun níwájú àwọn ará iléèwé mi, n ò ní bá yín sọ̀rọ̀ títí òdòdó ṣẹ́rì á fi yọ."

Ní ìlú tiwọn, òdòdó ṣẹ́rì kì í yọ kó tó di ìparí oṣù kẹrin.

Tamotsu ò kúkú parọ́. Onígbàjámọ̀ ni, àmọ́ láràárọ̀, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, á wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè, á mú àsíá kékeré dání, á lọ dúró ní oríta Kamizawa kó lè mú àwọn ọmọ iléèwé kọjá títì. Ọdún kọkànlá rèé. "Iná pupa, dúró. Iná ewé, wo ọ̀tún, wo òsì, tún ọ̀tún wò." Kò sí ọmọ àdúgbò yẹn tí ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Chinatsu náà gbọ́ ọ títí ó fi ń gba ẹ̀yìnkùlé ilé onílé lọ síléèwé, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ má baà mọ̀ pé bàbá òun ni alásìá.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Nígbà tí Tamotsu sáré dé oríta, tó rí iná pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

Ẹsẹ̀ ló dúró o, òun kọ́. Ó kàn rí i pé òun ti wà lórí ìlà funfun, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní.

Heikichi dé ẹ̀yìn rẹ̀. Heikichi yìí lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọ̀ọ̀ kó sì ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí èèyàn tó dúró níwájú iná pupa. Kí ló ṣe? Ó tò sẹ́yìn rẹ̀.

"Òtútù yìí mà pọ̀," Heikichi sọ, ó ń fẹsẹ̀ kilẹ̀.

"Ti èṣí ò tó èyí."

"Àwọn apẹja ò lè jáde láti ọjọ́ Ajé."

"Irun rẹ ti kún. Wá lọ́jọ́rú."

"Màá wá."

Wọ́n dúró. Yìnyín ń gun orí wọn bí ẹni ń to àkàrà.

"Iná yìí pẹ́ o," Heikichi ní.

"Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

Màmá Umeno, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín níwájú ilé rẹ̀. Ó ti ń wò wọ́n bọ̀ láti ìgbà yẹn. Ó fẹ̀yìn ti ṣọ́bìrì.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ ń dúró dè?"

"Iná ni, Màmá," Tamotsu dáhùn.

"Ta ló tẹ bọ́tìnì?"

Tamotsu wo Heikichi. Heikichi wo Tamotsu. Iná oríta yẹn, bí ẹlẹ́sẹ̀ ò bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀, pupa ni yóò wà títí ayé.

"Mo rò pé o ti tẹ̀ ẹ́," Heikichi ní. "Ìwọ lo kọ́kọ́ débẹ̀."

"Àwọn ọlọ́pàá ti dí ọ̀nà yìí láti aago mẹ́jọ," Màmá Umeno sọ. "Kò sí mọ́tò, kò sí kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin méjì yìí náà ló wà lójú títì. Mo sì rò pé eré ìje lẹ ń sá."

Òdòdó ṣẹ́rì yọ sí Tamotsu lọ́kàn, ó tún rọ. Bí Heikichi ṣe na ìka síbi bọ́tìnì, Tamotsu gbéra. Láti ọdún mọ́kànlá, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó máa gba iná pupa kọjá, ó sì tẹríba fún iná náà bó ṣe ń kọjá lọ.

Ó sáré. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń jó, etí rẹ̀ ò sí lára rẹ̀ mọ́. Nígbà tó gun òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, ó rí ibi ìpààrọ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún: àwọn eléré tó tò sórí ìlà, pẹ̀lú ọ̀gbẹ́ni Sugaya, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó na ìbọn sókè.

Ìbọn dún.

Ọ̀já funfun mẹ́ta fò jáde lórí ìlà. Tamotsu tún wò ó dáadáa. Ẹnì kan ṣẹ́ kù lórí ìlà.

Chinatsu ò tíì gbéra. Ó mú ọ̀já funfun dání, ó ń ká a. Ó ká a sí méjì, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ. Ó ká a sí mẹ́rin, ó tún fọwọ́ tẹ́ ẹ. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọ̀gbẹ́ni Sugaya, ó sì tẹríba. Ọ̀gá iléèwé ò gbọdọ̀ má dá a lóhùn. Òun náà tẹríba. Chinatsu tẹ tirẹ̀ sílẹ̀ sí i. Sugaya ò lè jẹ́ kí ọmọdé ṣe ẹ̀yẹ ju òun lọ. Ó tẹ̀ títí fìlà rẹ̀ fi bọ́.

"Ó yẹ kó o ti lọ," Tamotsu gbọ́ ohùn Sugaya.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo fẹ́ dá a padà dáadáa ni, sà. Ó mọ́ tónítóní, n ò fẹ́ kó rún."

Chinatsu bá a he fìlà. Ó gbọn yìnyín orí rẹ̀ nù. Ó tún tẹríba.

Ó ku nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀ nígbà tí bàtà Tamotsu yọ̀. Ìdí ló fi parí iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ó yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ dé orí ìlà, ọ̀já lókè lọ́wọ́ rẹ̀, tó ti dì gan bí ẹja gbígbẹ.

Chinatsu gbà á. Ó fi orí bọ̀ ọ́, ọ̀já ń ró kàkà.

"Ẹ pẹ́."

"Iná ni."

"Mo mọ̀," ó ní. "Màmá Umeno ti pe iléeṣẹ́ rédíò. Gbogbo ìlú gbọ́ ọ." Ó ti lọ kí bàbá rẹ̀ tó rí ojú rẹ̀.

Sugaya wo aago, ó wo ọ̀já funfun tí wọ́n ká sí mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹni tí ò tíì kúrò lórí ìlà," ó rọra sọ ọ́ bí ẹni ń kàwé, "a ò lè sọ pé ọ̀já rẹ̀ já." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí Tamotsu nílẹ̀. "Iná pupa náà ńkọ́, onígbàjámọ̀?"

"Mo dúró, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Tamotsu dìde, ó yíjú sí ọ̀nà tó bá wá, ó tẹríba fún un bí gbogbo eléré ti máa ń ṣe. Ìgbà tó gbórí sókè ni Heikichi ń wọ́ ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Ẹni tí ì bá gba ọ̀já lọ́wọ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó fò jáde.

"Ó yí padà o," Heikichi ní, ó ń wá èémí. "Iná yẹn. Mo dúró dè é."

Tamotsu ń wo Chinatsu, tó ti dé ìyànà tí ọ̀nà ti gba títì kejì kọjá, tí ọ̀já aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń ṣẹ́jú nínú yìnyín. Ìṣísẹ̀ ọmọ náà falẹ̀, díẹ̀ péré. Orí rẹ̀ yí sí ọ̀tún. Ó yí sí òsì.

Kò sí mọ́tò kankan lójú títì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tamotsu dúró pẹ̀lú yìnyín ní ìdí ṣòkòtò, ó sì rọra bá a tún ọ̀tún wò.