Ìjókòó Àwọn Alágbàfọ̀

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn ńlá yẹn, tí ẹ ní ẹ̀ ń wá olùtọ́jú ọkàn, wọ́n á wò yín bí ẹni tó ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè Àǹtí Mí-kanlẹ̀, kẹ́ ẹ wá wò ó. Aṣọ́nà gan-an á júwe fún yín: ẹ gba ẹ̀gbẹ́ yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ máa lọ títí ẹ ó fi rí ilẹ̀kùn tí bàtà pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Tìmùtìmù ló wà nílẹ̀ níbẹ̀, àga méjì tó kọjú síra wọn, àti agogo idẹ kékeré kan lójú fèrèsé. Àwọn dókítà a máa fi Àǹtí ṣe yẹ̀yẹ́, pàápàá ọ̀kan báyìí tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Bó bá ti ń kọjá ni yóò yọjú wọlé: "Àǹtí, èló lẹ ń ta oorun lónìí?" Àǹtí á kàn rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó ń ṣe níbẹ̀, kí aláhesọ kan má baà pè é ní awo. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ló ti kọ́ ìtọ́jú ọkàn: bí a ṣe ń gbọ́ ẹni tí ìbànújẹ́ dé bá, bí a ṣe ń fi ìbéèrè tú ọ̀rọ̀ tó ti di kókó síni nínú. Ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Àfi ìgbà tí oyún bàjẹ́ lára òun fúnra rẹ̀, tí gbogbo ìmọ̀ ọ̀hún di omi inú apẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó fá orí kodoro, ẹlẹ́sìn Búdà, ló gbà á sílé. Ìyá náà ò wàásù fún un, kò ní kó fi ẹ̀sìn tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kó jókòó ni, kó máa wo èémí rẹ̀ bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Ohunkóhun tó bá yọjú, ìbínú ni o, ẹkún ni o, kó má lé e, kó má dì í mú. "Wò ó bó ṣe rí," ni ìyá àgbà máa ń sọ. "Má wò ó bó o ṣe fẹ́ kó rí."

Nígbà tí Àǹtí padà sẹ́nu iṣẹ́, ó pa méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ jókòó sórí tìmùtìmù, wọ́n á jọ dákẹ́, wọ́n á jọ mí. Tí agogo bá dún, wọ́n á bọ́ sórí àga, ọ̀rọ̀ á wá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá sì tẹ̀yìn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde kì í sábà ní àbùmọ́.

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wá bí wọ́n ṣe máa gba yàrá yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n máa kó páálí sí i. Orí ló ṣe é tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ fi di ọ̀gá pátápátá ilé ìwòsàn. Ọ̀gá kun yàrá náà lọ́dà, ó ra tìmùtìmù tuntun, ó sì kìlọ̀ fún àwọn dókítà pé ẹni tó bá tún fi ìyàwó àwọn ṣe ẹlẹ́yà, òun àti onítọ̀hún ni. Inú Àǹtí dùn. Kí ni ò ní dùn sí? Ẹni tí wọ́n ti ń fi rẹ́rìn-ín látọjọ́ tó ti pẹ́, tó wá rí ẹni gbè é lẹ́yìn.

Kò pẹ́ tí Ọ̀gá fi sọ tẹnu rẹ̀. "Ìyàwó wa," ló wí, "àwọn obìnrin ilé ìfọṣọ ò jẹ́ n gbádùn. Lónìí wọ́n á ní ooru, lọ́la wọ́n á ní òórùn. Inú wọn ló ń bí wọn láìnídìí. Bá mi fi ọkàn wọn balẹ̀."

Olórí wọn ló kọ́kọ́ wá. Obìnrin àgbàlagbà ni, alápá gbọ̀ngbọ̀n, tí Ọ̀gá sọ ní Aláròyé, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé òun gan-an ń jẹ́ ẹ. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó wo agogo.

"Àǹtí, àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin wá ní kí n wá dákẹ́."

"Ẹ ṣáà dán an wò, Màmá."

Wọ́n jókòó. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Nígbà tí wọ́n bọ́ sórí àga, ó ní àyà òun há gádígádí, ọ̀fun ń ta òun bí ẹni tí ata há lọ́fun. Àǹtí bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní lẹ́yìn tí bàbá àwọn ọmọ òun kú ni. Ha! Àǹtí mi orí. Ó ti rí i. Ọ̀fọ̀ tí wọn ò sun lẹ́kún ni ó há sí ìyá yìí láyà.

"Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mi ò bá wá síbi iṣẹ́, kì í há," ni ìyá náà wí.

"Torí pé àwọn ọmọ wà yí yín ká nílé ni. Ibi iṣẹ́ lẹ ti ń dá wà pẹ̀lú ìrònú."

"Ìrònú kẹ̀? Àǹtí, oògùn tá a fi ń mú aṣọ funfun yẹn ni mo rò pé..."

"Ẹ má tíì sọ ọ́ lórúkọ, Màmá. Ẹ máa wò ó ná."

Ẹ ò rí àṣìṣe? Ẹni tí kò kàwé rárá ì bá ti ní kí ìyá oníyàá lọ wá oògùn ikọ́. Ẹni tó mọ ọkàn àmọ̀jù ló máa gbọ́ ikọ́, tó máa pè é ní ẹkún. Àwọn yòókù náà wá, àyà gbogbo wọn ló há, Àǹtí sì ní ìdí tó bá ti ẹnì kọ̀ọ̀kan mu: ti èyí, ọmọ tí kò gbọ́ràn, ti ìyẹn, ọkọ tí kò wálé. Ó kọ́ wọn tìfẹ́tìfẹ́. Wọ́n sì kọ́ ọ, nítorí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì fetí sí wọn bẹ́ẹ̀ rí nílé ìwòsàn yẹn. Nígbà tó yá, àròyé dáwọ́ dúró. Kódà Aláròyé ò sọ nǹkan kan mọ́.

Ọ̀gá bá tún dé. Àwọn àlejò ńlá tó ń ṣe ìtìlẹ́yìn fún ilé ìwòsàn ń bọ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí ìyanu ìyàwó àwọn.

"Inú ilé ìfọṣọ gan-an ni kó o ti ṣe é," ló wí. "Tó bá dáa, gbogbo wọ́ọ̀dù ni ìjókòó ẹ máa dé. Àmọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn obìnrin yẹn bá dójú tì mí, gbogbo wọn ló ń lọ sílé lọ́jọ́ náà. Mo ti rí àwọn tó máa gbaṣẹ́ ọ̀hún."

"Bọ̀ọ̀dá, wọn kì í fi ìjókòó ṣe ìwòran."

"Ìyàwó wa, ta ló kun yàrá ẹ?"

Àǹtí ní kò burú.

Kò dé ilé ìfọṣọ rí. Ẹ má bú u. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sùn sílé ìwòsàn rí, ta ló béèrè nínú yín pé níbo ni wọ́n ti ń fọ aṣọ tí òun sùn lé? Abẹ́ ilé ló wà. Ẹ̀rọ ńláńlá tò lọ bẹẹrẹ, ooru omi gbígbóná gba gbogbo àjà, àgbá oògùn ìfọṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìdérí òmíràn ò dé e dáadáa. Wọ́n ti kan fèrèsé pa kí eruku má baà bà lé aṣọ tó mọ́. Fáànù ńlá kan wà lókè, aláǹtakùn ti kọ́lé sí i. Wọ́n pa ẹ̀rọ nítorí àlejò, àwọn obìnrin sì jókòó sórí aṣọ ibùsùn tí wọ́n ṣẹ́ po, ẹ̀yìn wọn nà ṣánṣán. Àwọn àlejò dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Ọ̀gá náà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí ṣàkíyèsí pé kò kọjá ibẹ̀.

Ó lu agogo. "Ẹ mí sínú," ló wí, òun náà sì mí.

Nǹkan gún un nímú. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀fun, ó ta á, ó bọ́ sí àyà, àyà há gádígádí. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kò lé e, kò dì í mú. Ó ń wò ó. Ṣé ìbínú ni? Rárá. Ṣé ọ̀fọ̀ ni? Ó mọ ọ̀fọ̀. Òun àti ọ̀fọ̀ ti jọ gbélé rí, ọ̀fọ̀ kì í ta imú. Ó rántí ìyá àgbà: wò ó bó ṣe rí. Bó ṣe rí ni pé oògùn ìfọṣọ ló kún inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, kò sì sí ọ̀nà tí yóò gbà jáde.

Ó lajú. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, omi sì ń bọ́ lójú òun náà nígbà yẹn. Ó rí àwọn obìnrin. Gbogbo wọn ló di ẹnu pinpin, tí ọ̀fun wọn ń lọ sókè sódò, tí wọ́n ń gbé ikọ́ mì. Omijé ń ṣàn lójú Aláròyé, kò sì mira. Ta ló kọ́ wọn? Òun ni. Wọ́n ń kú lọ lójú rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù tí òun fọwọ́ ara òun kọ́ wọn. Ìtìjú mú un, lẹ́yìn náà ìbínú dé, kò sì wo ìyẹn kó kọjá.

Ó dìde. "Màmá," ló wí fún Aláròyé níwájú gbogbo èèyàn, "mo ṣẹ̀ yín. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, mo ní ẹ dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wúkọ́. Gbogbo yín, ẹ wúkọ́!"

Yéè! Ikọ́ tú jáde. Ikọ́ gbogbo ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbé e mì ló jáde lẹ́ẹ̀kan, àwọn àlejò sì fà sẹ́yìn.

"Ìyàwó wa! Kí lo ń ṣe yìí?" Ọ̀gá pariwo látẹnu ọ̀nà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wọlé. Ẹ̀yin àlejò wa náà, ẹ máa bọ̀. Ẹ wá jókòó, ẹ bá wa mí."

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò, obìnrin olójú àánú kan, wọlé. Kò tíì jókòó tán tó fi fi aṣọ ìnujú bo imú, tó sá jáde. Ọ̀gá rí i pé ojú ń wo òun. Ó fi ìgbéraga wọlé, ó dúró gbagidi láàárín ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ooru díẹ̀ ni," ló wí, ohùn rẹ̀ sì há.

"Ẹ mí kanlẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

Kò lè mí. Ó yí padà, ó jáde kíá.

Àǹtí mú agogo rẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Aláròyé ká aṣọ tó jókòó lé, ó fi há abíyá, ó bọ́ síta. Àwọn yòókù tò tẹ̀ lé e. Wọ́n ò padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ò lọ sílé. Iwájú ilé ìwòsàn ni wọ́n lọ, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa, wọ́n tẹ́ aṣọ, wọ́n jókòó. Àǹtí jókòó sáàárín wọn.

"Ẹ dìde níbẹ̀ yẹn!" ni Ọ̀gá wí.

"Ọjọ́ tí fáànù bá yí, tí fèrèsé ṣí, la máa dìde," ni Aláròyé dá a lóhùn. "Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lé wa, ẹ jẹ́ káwọn àlejò yín tó ń wò wá yìí gbọ́ ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ lé wa."

Ọ̀gá kọjú sí Àǹtí. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́..."

"Bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Mo mọ̀ ọ́n, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ṣeun fún ọ̀dà. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ ní kí n wá tọ́jú ọkàn wọn, ẹ̀dọ̀fóró wọn lẹ sì ń pa."

"Mo rò pé sùúrù ni àwọn Búdà yẹn kọ́ ẹ!"

"Ìyá tó kọ́ mi ò ní kí n jókòó kí n lè gba ìyà mọ́ra. Ó ní kí n jókòó kí n lè ríran. Mo ti ríran báyìí."

"Mú kọ́kọ́rọ́ yàrá wá."

Kí n má purọ́ fún yín: Yàrá yẹn ni gbogbo ayé rẹ̀. Ó tú kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lára ìyókù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ọ̀gá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì padà jókòó.

Oòrùn rìn. Aṣọ mímọ́ tán ní wọ́ọ̀dù, ó tán ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Dókítà oníyẹ̀yẹ́ ọjọ́sí jáde wá nínú aṣọ iṣẹ́, ó ń wá ẹni tó máa bú. Ó rí wọn. Ó gbọ́ ikọ́ wọn. Ìyẹn ṣáà mọ ikọ́ tó bá gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Àǹtí," ló wí jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ ṣì ń ta oorun?"

"A ò sùn lónìí, Dókítà. Ojú wa là kedere."

Dókítà bọ́ bàtà, ó jókòó. Nọ́ọ̀sì méjì jókòó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà aṣọ́nà tó ń júwe yàrá. Àwọn àlejò ṣì dúró, wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè tí Ọ̀gá ò fẹ́ kí wọ́n bi òun. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Màmá," ló wí fún Aláròyé, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, "mo ti ní kí wọ́n pe oníṣẹ́ iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní ká jókòó," ni Aláròyé wí. "Tó bá dé, tí fáànù yí, ẹ wá pè wá."

Ó nawọ́ sí agogo tó wà lẹ́sẹ̀ Àǹtí, ó mú un, ó lù ú.

"Ẹ mí sínú," ló wí, gbogbo wọn sì mí.